Rédíò Ìjọba n'Ìbàdàn: Ohun Tí Owó Orí Wa Ń Rà

Ẹni tó bá tan rédíò n'Ìbàdàn láàárọ̀, tó gbé e sí 93.5, 98.5 tàbí 99.1, kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni kó tó gbọ́ ìròyìn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ kọ́ o. Premier (93.5) àti Amúlùdùn (99.1) wà lábẹ́ Rédíò Nàìjíríà, àpò ìjọba àpapọ̀ ló ń gbé wọn. Olúyọ̀lé (98.5) wà lábẹ́ BCOS, ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní Ilé Akéde, Baṣọ̀run, àpò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń gbé ìyẹn. Owó orí tí wọ́n ń yọ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, àti VAT tó wà lórí ọjà tí à ń rà, wà nínú owó náà. Ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ ọjà wò tí a bá ti sanwó rẹ̀. Àwọn kan ní ká má san owó yìí mọ́. Ní tiwa, ká máa san án. Ohun tí wọ́n ń fi owó náà rà ló yẹ kó yí padà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ohùn tó ń dé etí, torí ibẹ̀ lowó ti ń jó bí epo. Ẹ̀rọ FM tó ń gbé kìlówáàtì 10 sáfẹ́fẹ́ á fa tó kìlówáàtì 15 látinú iná. Ẹ fi ẹ̀rọ amúlétutù tí kò gbọdọ̀ kú nínú yàrá ẹ̀rọ náà kún un, ẹ fi sítúdíò kún un, ó lè tó 30. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ tó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ á mu dísù bíi líta 9 sí 10 ní wákàtí kan. Wákàtí 18 lójúmọ́ jẹ́ bíi líta 170. Nígbà tí epo bá ń tán lọ, ohun tó yá lọ́wọ́ ẹnjiníà ni láti dín agbára ẹ̀rọ kù. Tó bá já a sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ìgbì tó ń dé ọ̀dọ̀ olùgbọ́ á rọ̀ sí ìdajì. Ẹni tó wà ní Mọ́kọ́lá lè má mọ̀ rárá. Ẹni tó wà lẹ́yìn òkè lọ́nà Àkáǹrán ni yóò máa gbọ́ ariwo ṣááṣáá, tí yóò máa na rédíò rẹ̀ bí ẹni pé ó ti bàjẹ́.

FM ń rìn gbọọrọ bí iná tọ́ọ̀ṣì ni: ibi tí òkè bá dí, ó dí náà nìyẹn. AM kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì 756 tí àwọn àgbà fi mọ Rédíò Ọ̀yọ́ gùn tó mítà 397, ó ń fà mọ́lẹ̀ lọ, ó ń gun òkè, ó ń wọ àfonífojì. Ṣùgbọ́n òpó tó máa gbé e jáde dáadáa á ga tó mítà 99, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì kún fún wáyà bàbà tí àwọn olè ń hú tà. Gbogbo ilé iṣẹ́ aládàáni tó wà n'Ìbàdàn, FM ni wọ́n. Kò sí èyí tó máa ru ìnáwó òpó AM nítorí àgbẹ̀ tí kò ní ra ìpolówó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó ìlú kò bá gbé AM, kò sẹ́ni tó máa gbé e.

Fún ẹni tó ń gbọ́ FM látòkèèrè: ẹ gé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75. Ẹ so ọ̀kan mọ́ irin eriali, ẹ so èkejì mọ́ irin tí ẹ̀gbẹ́ bátìrì tó ní àmì − kàn nínú rédíò, ẹ na méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára ògiri. Fún AM, eriali irin yẹn kò wúlò. Inú rédíò ni eriali rẹ̀ wà, nítorí náà rédíò fúnra rẹ̀ lẹ máa yí títí ohùn á fi mọ́. Tó bá ń kùn bí oyin, ẹ kọ́kọ́ pa gílóòbù LED, ẹ yọ ṣájà fóònù, ẹ pa inverter. Àwọn mẹ́ta yẹn ló ń pa AM nílé ju ọ̀nà jíjìn lọ.

Ìròyìn Yorùbá ni a fẹ́ràn jù nínú ohun tí owó wa ń rà, òun náà ló sì ń dùn wá jù tó bá bàjẹ́. Bí ó ti máa ń rí ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìròyìn fi ń wọlé, ẹnì kan á túmọ̀ rẹ̀ ní kíá kí aago tó lù, á tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì ohùn sí i, á gbé e fún akàròyìn. Akàròyìn rí «Oko re ja si koto». Ṣé ọkọ rẹ̀ ni tàbí ọkọ̀ rẹ̀? Ó ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré láti mọ̀ bóyá baálé ilé ló jìn sí kòtò tàbí mọ́tò. Ẹlòmíì á túmọ̀ «bill» tó wà nílé aṣòfin sí ìwé owó, bí ẹni pé iná mànàmáná ni wọ́n fẹ́ san. Àbá òfin ni. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ kankan. Kí wọ́n fún atúmọ̀ ní ìṣẹ́jú 40 fún ìròyìn ìṣẹ́jú 10. Kí ẹlòmíì ka a sókè, kí wọ́n fàmì sórí ọ̀rọ̀ tó lè ní ìtumọ̀ méjì nìkan, kí akàròyìn sì gbà á ní ìṣẹ́jú 10 ṣáájú. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi síbi iṣẹ́ ẹni mẹ́ta.

Ẹ wo BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018. Owó ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Àwọn tó ń san owó orí ní Leeds àti Manchester ń dá sí owó ìròyìn èdè wa, tí àwa tí a ni èdè sì ń jiyàn bóyá ó yẹ.

Eré ńkọ́? Láti Agodi ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, owó Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ló sì wà nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Dúró Ládípọ̀ àti Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá ti wọ inú ilé àwọn èèyàn. Nígbà náà, ilé iṣẹ́ ló ń pe eléré wá ṣeré. Lẹ́yìn tí ìjọba ti ní kí ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ máa wá owó fúnra wọn, ó dorí kodò: ẹni tó ṣeré ló ń sanwó àkókò kí wọ́n tó gbé eré rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ó ti náwó lórí eré, ó tún máa náwó kí wọ́n tó wò ó. Nítorí náà, onígbọ̀wọ́ ló ń yan ohun tí à ń gbọ́. Ẹni tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹni tó ń gba àdúrà ìṣẹ́gun ló ń rí owó àkókò san. Akéwì kò rí i, asùnrárà kò rí i.

Eré rédíò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan tó dáa kì í ṣe ohun tó ń jẹ owó rẹpẹtẹ. Ó gba ọ̀rọ̀ bíi 3,500 lórí ìwé, òṣèré mẹ́fà, onígángan kan, ẹnì kan tó ń ṣe ìró (àwo òkúta wẹ́wẹ́ fún ẹsẹ̀, garawa omi, ilẹ̀kùn onígi kékeré), ọjọ́ méjì ìdánrawò, ọjọ́ kan ìgbohùnsílẹ̀, ọjọ́ kan àtúntò. A fẹ́ kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀ nínú owó ìlú láti máa ra irú eré yìí lọ́wọ́ àwọn eléré, kí àdéhùn wà, kí wọ́n san ìdajì ṣáájú. Orin àti ẹ̀fẹ̀ tó ń tà fúnra rẹ̀ kò nílò owó ìlú. Kí onígbọ̀wọ́ máa gbé e lọ.

Èyí tó ń gbé wa lọ́kàn jù ni téèpù àtijọ́. Ilé iṣẹ́ tó bá ti pẹ́ ní ohùn àwọn tó ti kú lórí téèpù tó ń jẹrà lójoojúmọ́. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa á. Ẹ gbé róòlù náà sí ìmọ́lẹ̀: tí ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá, acetate ni, òórùn rẹ̀ á máa rí bíi ti fínígà tó bá ti ń bàjẹ́. Ẹ má fi iná sún mọ́ ọn láéláé. Tí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á, polyester ni, èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1990 sì sábà máa ń lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, á ké, á bó. Irú èyí ni wọ́n ń yan nínú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ kò ju 55 lọ ní Celsius, fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán. Ààrò ìdáná kọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà kó tó tún máa lẹ̀.

Kò sí ọ̀nà àbùjá níbi dídà kọ: téèpù wákàtí kan gba wákàtí kan. Ní ìwọ̀n ohùn tó mọ́ gaara (96 kHz àti bit 24), wákàtí kan onísítẹ́rìò jẹ́ bíi GB 2, wákàtí 1,000 sì jẹ́ TB 2, èyí tó wọ inú dísíkì kan tó ṣeé dì sọ́wọ́. Ẹnì kan tó bá ń ṣe wákàtí márùn-ún lójúmọ́ á parí 1,000 ní ọjọ́ iṣẹ́ 200. Owó oṣù ẹnì kan fún ọdún kan, ẹ̀rọ róòlù kan tí wọ́n tún ṣe, dísíkì mẹ́ta kí ẹ̀dà wà níbi mẹ́ta. Kò sí onígbọ̀wọ́ tó máa san èyí, torí kò sí ìpolówó nínú rẹ̀. Owó ìlú gan-an ló wà fún un.

Ibi tí ọkàn àwọn tó ní ká má san mọ́ wà ni pé rédíò ìjọba ti di rédíò gómìnà tàbí ti ààrẹ. Wọn ò parọ́. Lọ́dún 1953, gómìnà amúnisìn, Macpherson, bá Awólọ́wọ̀ wí lórí rédíò ìjọba, wọn kò sì jẹ́ kó fèsì. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ torí ẹni tí wọn ò fún láyè fèsì, kò yẹ kí alátakò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Gbígba owó kúrò kò ní tún un ṣe, ẹni tó bá lówó jù ni yóò kàn gba ibẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lóṣù keje ọdún 2025, ilé aṣòfin gba dọ́là bílíọ̀nù 1.1 padà lọ́wọ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìlú. Àwọn ilé iṣẹ́ kékeré ní ìgbèríko, tí kò lólówó nítòsí, ló kọ́kọ́ mì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó láísẹ́ǹsì lọ́dọọdún lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan tó ń wo tẹlifíṣọ̀n (£174.50 ni wọ́n sọ ọ́ dà lóṣù kẹrin ọdún 2025), kí BBC má bàa máa tọrọ owó lọ́wọ́ mínísítà lóṣooṣù. Òfin Nàìjíríà ọdún 1999 pàápàá, nínú àfikún kẹrin, fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti gba owó láísẹ́ǹsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. A kò rọ ẹnikẹ́ni láti lọ jí ìyẹn dìde n'Ìbàdàn. Ìlú tí Àgbẹ́kọ̀yà ti jà torí owó orí kò ní gba kí ẹnikẹ́ni máa kanlẹ̀kùn torí rédíò, owó àwọn agbowó á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí wọ́n bá gbà. Kó máa wá látinú ètò ìsúná, ṣùgbọ́n kó ní ìlà tirẹ̀: iye tó lọ sí owó oṣù, iye tó lọ sí dísù, iye tó lọ sí eré, iye tó lọ sí téèpù.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìlà yẹn lè kọ̀wé béèrè. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ ní ọdún 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ ọdún ìsúná tí ẹ ń béèrè, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sórí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.