Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń pààrọ̀ síkíríìnì láptọ́ọ̀pù n'Ífẹ̀ o

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, pàápàá ẹ̀yin ọmọ OAU tẹ́ ẹ ń ṣe gíráfíìsì àti fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Àbúrò mi gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ fún ọkùnrin kan ní Lágéré pé kó bá òun pààrọ̀ síkíríìnì tó fọ́, ó ní ojúlówó lòun máa fi sí i, ó gbowó ojúlówó, ó wá fi gbàrọgùdù sí i. Ó tàn lóòótọ́ o. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn, torí páńẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, ìyẹn síkíríìnì gangan, jẹ́ IPS (oríṣi tí àwọ̀ ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà tó o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́) 1920x1080 (iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó ń gbé àwòrán jáde), wáyà ẹ̀ 30 pin (ẹnu ẹ̀ ní irin tíntìntín 30), èyí tó fi sí i náà 30 pin ni àmọ́ TN (oríṣi tí àwọ̀ ẹ̀ máa ń yí padà tó o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́) 1366x768 ni, tí ẹnu wáyà bá ṣáà ti bára mu láptọ́ọ̀pù sábà máa ń gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tọ́mọ náà ṣí fọ́tò ìyàwó kan tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí la tó rí i. Sánmọ̀ tó wà lẹ́yìn ìyàwó ti di ìlà ìlà bí àtẹ̀gùn, tó o bá sì tẹ síkíríìnì sẹ́yìn díẹ̀, àwọ̀ ojú ẹ̀ á yí padà. Páńẹ́ẹ̀lì 6-bit ló fi sí i, àwọ̀ tó lè gbé jáde kò pọ̀. Oríṣi 64 péré nìyẹn lè gbé jáde nínú pupa, 64 nínú àwọ̀ ewé, 64 nínú búlúù, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 262,144, nígbà tí 8-bit ń gbé 256 jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ju mílíọ̀nù 16 lọ. Ẹni tó ń tẹ Word lásán lè má fura, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi iṣẹ́ àwọ̀ jẹun, wọ́n ti ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

A padà lọ, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo síkíríìnì ínṣì 15.6. Irọ́ ni! Ínṣì ò sọ ju bó ṣe tóbi tó lọ. A ní kó kó ti àtijọ́ fún wa, ó ti jù ú nù. A ní kó tú tuntun wò, wọ́n ti ha nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú tiyín lójú yín, ẹ fi fóònù ya nọ́ńbà tó wà lára sítíkà ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì, òun ni kẹ́ ẹ fi wá òmíì, kì í ṣe orúkọ láptọ́ọ̀pù, torí láptọ́ọ̀pù kan náà lè jáde pẹ̀lú oríṣi páńẹ́ẹ̀lì mélòó kan. Kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá jẹ́ Windows ló wà lórí ẹ̀, ẹ wọ Settings, System, Display, Advanced display, ẹ wo resolution (bíi 1920x1080) àti bit depth ẹ̀ (bóyá 6-bit ni tàbí 8-bit). Kẹ́ ẹ sì gba èyí tó fọ́ padà. Ẹni tó bá ní ẹ ò lè wò ó, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín kúrò níwájú ẹ̀ kíá.