Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń tún Píjò 404 ṣe: ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà ṣáàsì yín, ẹ sá fún un

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹnikẹ́ni bá kàn sí yín pé òun ní pọ́ǹpù Kugelfischer ti Píjò 404, èyí tó ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì, tuntun inú páálí, tó sì jẹ́ pé nọ́ńbà ṣáàsì ọkọ̀ yín (nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fi dá a mọ̀) ló kọ́kọ́ béèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn. Èmi dá a lóhùn. Owó mi ti lọ, pọ́ǹpù tó fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti Píjò, èyí tó sì ká mi lára jù ni pé nọ́ńbà ṣáàsì ọkọ̀ mi ti wà lára ọkọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n ń polówó.

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni mo mọ̀ pé ó ti lò, ó sì lè ti sọ ara rẹ̀ ní ìkẹrin kí ẹ tó ka èyí tán. Ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yìí díẹ̀ fún ẹni tí kò tíì kó sí i rí. Ọdún 1960 ni Peugeot gbé 404 jáde, Pininfarina ló ya ìrísí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì 1618 cc rẹ̀ sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní dígírì 45 bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Kabúrétọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lo, ìyẹn ò le rí. Àwọn díẹ̀ ló jẹ́ pé Kugelfischer ló ṣe ẹ̀rọ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì wọn, iléeṣẹ́ ará Jámánì kan ní Schweinfurt tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ bẹ́ríǹ. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀rọ náà rárá. Irin kan tí wọ́n gbẹ́ bí òkòtó ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ ṣe tẹ tọ́tù sí, àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré sí, ni òkòtó yẹn ṣe ń yí tó sì ń sún, òun ló sì ń wọn epo fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní òkòtó tirẹ̀. Iléeṣẹ́ kan náà yìí ṣe pọ́ǹpù fún BMW 2002 tii, ó ṣe fún Lancia Flavia pẹ̀lú. Nínú fọ́tò, ẹ ó ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú wọn kò jọra. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni gbájúẹ̀ yìí ti ń jẹun.

Ọdún méjì ni mo fi wá pọ́ǹpù. Àwọn àgbà ní bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà kọ̀wé sí mi pé òun ní ẹyọ kan, tó fi fọ́tò mẹ́rin tó mọ́ roro ránṣẹ́, mo ti ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì létí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi nọ́ńbà ṣáàsì yín ránṣẹ́, kí ẹ ya àwo irin tí wọ́n tẹ nọ́ńbà náà sí ní fọ́tò dáadáa, kí n lè wò ó bóyá yóò bá ọdún ọkọ̀ yín mu."

Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ná. Òótọ́ pọ̀ nínú ohun tó sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣí ìwé ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ rí mọ̀ pé ẹ̀yà máa ń yí padà láti nọ́ńbà ṣáàsì kan lọ, kódà láàárín ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n olùtajà tòótọ́ ló yẹ kó sọ fún yín pé láti nọ́ńbà báyìí dé báyìí ni ọjà òun wà fún, ẹ̀yin fúnra yín yóò sì lọ wo tiyín. Kò sí ìdí kankan tó fi gbọ́dọ̀ ní fọ́tò àwo nọ́ńbà yín lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá di dandan, ẹ bo nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn.

Èmi kò bo nǹkan kan.

Mo ṣáà béèrè ibi tó ti rí pọ́ǹpù náà. Ó ní ara ọkọ̀ 1966 kan tí ẹni tó ni ín ti kú ni pọ́ǹpù náà yẹ kó wà, pé olóògbé ti rà á sílẹ̀ kò sì lò ó, ó wá fi fọ́tò ìwé ọkọ̀ náà ránṣẹ́. Lórí ìwé yẹn, nọ́ńbà ṣáàsì ọkọ̀ náà jẹ́ àmì 17, lẹ́tà O sì wà láàárín rẹ̀. Irọ́ méjì nínú ìlà kan ṣoṣo. Ọdún 1981 ni nọ́ńbà alámì 17 bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ ìgbà 404 kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà I, O àti Q kì í wọ inú nọ́ńbà alámì 17 rárá, kí wọ́n má baà ṣì í kà sí 1 tàbí òdo. Mo mọ èyí. Mo ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí! Ojú mi sì kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan sí lójú.

Ó ní kí n sanwó lórí PayPal, kí n yan ti ọ̀rẹ́ àti ẹbí, kí wọ́n má baà yọ owó iṣẹ́ lórí òun. Ẹ rántí pé ààbò tí PayPal ń fún oníbàárà kò sí lórí owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lọ́nà yẹn. Ẹ ò lè sọ pé ọjà ni ẹ rà.

Páálí dé. Kí n tó rí pọ́ǹpù rárá ni mo ti gbọ́ òórùn ọ̀dà. Ohun tó ti wà nínú páálí láti ayé 404 kò yẹ kó máa rùn bí ògiri tí wọ́n kùn láná. Mo rẹ òwú sínú bẹntiróò, mo fi nu ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀dà fàdákà bá òwú lọ, irin tó ti ní ihò wẹ́wẹ́ yọjú nísàlẹ̀. Ríbẹ́ẹ̀tì tó de àwo kékeré ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́ ti ìsinsìnyí, èyí tó ní ihò láàárín, ẹ̀gbẹ́ wọn sì ni ihò àtijọ́ méjì wà tí wọ́n fi pọ́tì dí. Mo fi ọwọ́ yí igi rẹ̀, ìyẹn irin gbọọrọ tó máa ń yí nínú rẹ̀, ó yí dé ìdajì, ó há. Mo wá tú páálí náà palẹ̀. Lábẹ́ ìdérí rẹ̀ ni bébà àtijọ́ kan lẹ̀ mọ́, ó ti ya, ohun tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀ ni 13 51. Nọ́ńbà ẹ̀yà Píjò jẹ́ mẹ́rin, àmì ìdánudúró, lẹ́yìn náà méjì. BMW ló máa ń kọ mọ́kànlá gbọọrọ, 13 ló sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ohun tó bá jẹ mọ́ fífín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù BMW ló tà fún mi.

Baba mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbé e súnmọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibi tí bóòtù fẹ́ wọ̀ gan-an ni kò sí."

Nígbà tí mo fa ọ̀rọ̀ náà, ọkùnrin yìí kò bínú o. Ó ní kí n má kanra, òun yóò fi àwo nọ́ńbà tuntun tù mí nínú, pé nọ́ńbà yòówù tí mo bá fẹ́ ni òun yóò lù sí i. Ẹ̀dá tó ń fi ẹ̀wọ̀n tọrọ àforíjì! Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kéèyàn yí nọ́ńbà ṣáàsì padà. Láti ọjọ́ yẹn, kò dá mi lóhùn mọ́.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi kan fi ìpolówó kan hàn mí: 404 onípọ́ǹpù, "ìwé rẹ̀ pé pérépéré." Fọ́tò àwo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ tèmi. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Ibi tí ìtúbóòtù mi ti yọ̀ tó sì ha àwo náà lábẹ́ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn wà níbẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò mi wà ní igun ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà búlúù tí mo ń kùn lọ́jọ́ náà.

Mo ti fi tó ọlọ́pàá létí, mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ti yọ ìpolówó náà kúrò. Ìwé tí mo ń lé báyìí ni ti L'Aventure Peugeot, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn ọkọ̀ Peugeot, tó lè jẹ́rìí sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀; àkójọ ìwé àtijọ́ Peugeot wà ní Terre Blanche ní Hérimoncourt, ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ kọ̀wé sí wọn fúnra yín. Ẹ má gba ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní òun mọ ẹnìkan níbẹ̀.

Ohun kan tí ǹ bá ti ṣe, tí kò ná mi ní nǹkan kan: kí n ní kó kọ orúkọ mi àti déètì ọjọ́ náà sórí bébà, kó gbé e ti pọ́ǹpù, kó sì fi fídíò yí igi rẹ̀ hàn mí. Mo fi fọ́tò mẹ́rin yẹn wá orí Google lẹ́yìn tí owó ti lọ. Mẹ́ta nínú wọn ti wà nínú ìpolówó àtijọ́ ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí.

Pọ́ǹpù náà ṣì wà lórí tábìlì mi. Ẹni tó bá ń tún BMW 2002 tii ṣe, tó lè fi ẹ̀yà inú rẹ̀ ṣe nǹkan, kó kọ̀wé sí mi. N ó sọ gbogbo àléébù rẹ̀ kó tó béèrè. Nọ́ńbà ṣáàsì rẹ̀ nìkan ni kó má fi ránṣẹ́.