Ọdún méjì lọ́dọ̀ oníṣirò owó tó ń bá mi bójú tó àwọn agbaṣẹ́ṣe mi: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, torí mo ṣì ń bá wọn ṣe, mo sì ní ẹjọ́ kan láti rò nípa wọn. Ọ́fíìsì oníṣirò owó kékeré kan ni, ní London, èèyàn márùn-ún péré ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́lé àtàwọn tó ń tún ilé ṣe ni oníbàárà wọn jù. £110 ni mò ń san fún wọn lóṣù.

Kí n tó débẹ̀, èmi fúnra mi ni mò ń ṣe gbogbo ìwé kọ́ńpìnnì. Limited ni wá, èmi àti ìyàwó mi ni dáírẹ́kítọ̀, ọ̀dà là ń kùn, a sì ń rẹ́ ògiri. A ò gba òṣìṣẹ́ kankan. Bíṣẹ́ bá ti dé, mo máa ń pe àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan tí wọ́n jẹ́ self-employed, ìyẹn ọ̀gá ara wọn. Kálukú á mú bíìlì tiẹ̀ wá, màá yọ owó CIS (owó orí tí ìjọba ní ká máa yọ lára owó àwọn agbaṣẹ́ṣe iṣẹ́ ilé), màá san ìyókù. Mo rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ni wọ́n ti rí àṣìṣe àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ CIS, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lèèyàn máa yọ nínú owó rẹ̀ fún HMRC, àjọ tó ń gba owó orí. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀, ọgbọ̀n. Ìyẹn ni mo mọ̀. Ohun tí mi ò kíyè sí ni pé owó iṣẹ́ nìkan là ń yọ ọ́ nínú rẹ̀, a kì í fọwọ́ kan owó ohun èlò. Ọ̀kan nínú wọn ti fi £180 ra ọ̀dà, èmi náà sì gé £36 nínú rẹ̀ bí ẹní gé iṣu. Ojú tì mí nígbà tí mo ń pè é.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo torí ẹ̀ ń san £110 ni ọ̀rọ̀ tó wáyé lọ́sẹ̀ kejì. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni obìnrin tó mú fáìlì mi dání, ó kéré sí mi dáadáa. Ó ní òun fẹ́ bi mí láwọn ìbéèrè díẹ̀ nípa akunlé mi tó pẹ́ jù lọ́dọ̀ mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni àkàsọ̀ tó ń gùn?”

“Èmi ni.”

“Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́?”

“Ti kọ́ńpìnnì ni.”

“Tí ara rẹ̀ ò bá yá, ṣé ó lè rán ẹlòmíì wá dípò ara rẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ta ló máa gbà fún un?”

“Ṣé ó tún ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì?”

“Ọjọ́ márùn-ún ló ń wà lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀, láti ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ wo ló fẹ́ fi ṣe é?”

Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tiẹ̀ ò jọ tèmi. Ó ní ó jọ pé òṣìṣẹ́ mi ni, kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe.

Mo sáré fa ìwé àdéhùn wa yọ, níbi tá a ti kọ gàdàgbà pé self-employed ni. Ó sọ ẹjọ́ Autoclenz fún mi, èyí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain dá lọ́dún 2011. Àwọn tó ń fọ mọ́tò ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìwé tiwọn náà sọ pé ọ̀gá ara wọn ni wọ́n, pé wọ́n lè rán ẹlòmíì wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ilé ẹjọ́ wò, kì í ṣe ohun tí ìwé wí.

Mo ní ọfà kan kù nínú apó. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé IR35, òfin owó orí kan tó ń wò bóyá òṣìṣẹ́ ni agbaṣẹ́ṣe, kì í yọ kọ́ńpìnnì kéékèèké lẹ́nu. Ó ní òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó ń gba inú kọ́ńpìnnì tiwọn wá ṣiṣẹ́ lọ̀rọ̀ yẹn kàn. Kọ́ńpìnnì wọn ló máa pinnu bóyá òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Àwọn tèmi ò ní kọ́ńpìnnì kankan. Èmi tí mo gbéṣẹ́ fún wọn ni ìpinnu wà léjìká mi, bí mo bá sì ṣì í, ọ̀dọ̀ mi ni HMRC máa wá.

A jọ lọ sórí CEST, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí HMRC fi ń yẹ irú nǹkan báyìí wò. HMRC ní àwọn á dúró lórí èsì rẹ̀ bí ìdáhùn wa bá ti jẹ́ òótọ́. Àwọn mẹ́ta yege: àwọn ló ń dá iye iṣẹ́ wọn, irinṣẹ́ wọn ni wọ́n ń lò, bí ògiri bá sì sán, owó ara wọn ni wọ́n fi ń tún un rẹ́. Akunlé mi nìkan ni èsì rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ ni. Owó orí nìkan ni irinṣẹ́ yẹn sì ń wò o. Òfin iṣẹ́ tún ní ipò kan láàárín, tí wọ́n ń pè ní worker, tí ẹni tó wà níbẹ̀ máa ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún.

Ẹjọ́ tí mo ní nìyí. Obìnrin yẹn lọ sí ìsinmi nínú oṣù Kejì, kò sẹ́ni tó fi ìwé CIS wa ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 19. £100 ni ìtanràn rẹ̀. Wọ́n dá a padà fún mi, àmọ́ oṣù mẹ́ta ni mo fi pè wọ́n kí wọ́n tó dá a. Wọn ò sì sọ fún mi níbẹ̀rẹ̀ pé £12 lọ́tọ̀ ni ti ìwé owó oṣù ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó máa mú fáìlì yín bí ẹni tó ni ín kò bá sí nílé. Ìyẹn ló gba ìràwọ̀ kan lọ́wọ́ wọn.

Ní ti akunlé mi, ẹ̀rù bà mí pé á bínú pé mo fẹ́ sọ òun di òṣìṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: “Ọ̀gá, ìsinmi yẹn, ṣé ẹ máa sanwó rẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù Kẹjọ, ó lọ wo ìyá rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjèèjì yẹn, èmi ni mo gun àkàsọ̀.