Ògì, Tom Brown tàbí ti inú páálí: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Bí ọmọ bá ti pé oṣù 6, ọmú nìkan kò tó o mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kó ṣì máa mu ún títí di ọdún 2, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan mẹ́ta lẹ máa bá pàdé lọ́jà: ògì, Tom Brown (ìyẹ̀fun ọkà, ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀pà yíyan), àti oúnjẹ ọmọ inú páálí. Kí n tètè sọ tèmi: Tom Brown tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣà, tí ẹ yan, tí ẹ gbé lọ sẹ́rọ ni mo fara mọ́ jù. Àmọ́ ó gba àkókò, gbogbo ìyá kọ́ ló sì ráyè.

Ògì ni owó rẹ̀ kéré jù. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á: ó yẹ kó kan, kò yẹ kó rùn. Àléébù rẹ̀ ni pé bí a ti ń rẹ àgbàdo, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a ń sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú ohun tó ń mú ọmọ dàgbà ló ń bá èèpo àti omi lọ. Bí ẹ bá tún wá pò ó kó ṣàn kó lè gba ẹnu ìgò, omi lọmọ ń mu yó. Ẹ jẹ́ kó ki, kó má ṣàn kúrò lórí ṣíbí, kí ẹ wá bu edé lílọ̀ tàbí ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ sí i. Oyin kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1.

Ní Tom Brown, ìwọ̀n ló ṣe kókó. Ní Ìlà-Oòrùn Àríwá Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń fi í tọ́jú ọmọ tó rù, nínú ìpín 10, ìpín 6 ọkà (bí àgbàdo), ìpín 3 ẹ̀wà sóyà, ìpín 1 ẹ̀pà ni wọ́n ń lò. Ẹ yan wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ẹ̀pà á ti jó kí àgbàdo tó pọ́n. Sóyà tí kò jinná kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ọmọ. Ẹ yan án títí òórùn tútù rẹ̀ á fi lọ. Ẹ̀pà tó bu tàbí tó rún, ẹ dà á nù kíákíá: májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin lè wà nínú rẹ̀, iná ìdáná kì í sì í pa á tán.

Ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ ata láé. Ẹ̀rọ èlùbọ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ kọ́kọ́ fún ẹlẹ́rọ ní ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kó fi fọ inú rẹ̀, kí ẹ da ìyẹn nù. Ìwọ̀n tó máa tán láàárín oṣù 1 ni kí ẹ lọ̀, torí òróró ẹ̀pà máa ń yí padà.

Èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá lórí WhatsApp ńkọ́? Òun ni ọkàn mi kò balẹ̀ sí jù. Àwọn kan á da dàbínù, kaṣú, edé, álímọ́ńdì, gbogbo ẹ̀ pọ̀. Bí ara ọmọ bá sú, kí lẹ máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù? Ẹ béèrè nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí wọ́n lọ̀ ọ́; bí olùtajà bá ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹ máa lọ.

Ti inú páálí, bíi Cerelac, ló wọ́n jù. Síbẹ̀, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá) kún un, ọmọ sì nílò rẹ̀ gan-an lẹ́yìn oṣù 6. Omi lásán náà ló ń fẹ́, ó dáa fún ìrìn àjò. Ẹ̀yìn páálí ni kí ẹ kà, kì í ṣe iwájú. Nínú orúkọ àwọn èròjà tó wà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, ẹ wo ibi tí ṣúgà wà. Ní 2024, àjọ Public Eye ní Switzerland fi hàn pé ṣúgà wà nínú Cerelac tí wọ́n ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, kò sì sí nínú tiwọn lọ́hùn-ún.

Ẹ̀rọ oúnjẹ ọmọ olówó ńlá? Ẹ fi sílẹ̀. Asẹ́ tó dáa àti fọ́ọ̀kì tó lè tẹ iṣu àti ẹ̀wà rírọ̀ ti tó.