Eyín Méjì Tí Mo Ṣe ní Sùúrùlérè

"Mọ́mì, a ò rí fáìlì yín. Ẹ lọ gba kádì tuntun."

Ohun tí ọmọbìnrin tó ń gbàlejò nílé ìtọ́jú eyín yìí sọ fún mi nìyẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Láti 2018 ni mo ti ń náwó síbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nídìí eyín mi. Mo na rìsíìtì mẹ́rin sí i, kò gbà á, fóònù ló ń tẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wò ó." Ó ní kí n lọ jókòó. Aago mẹ́sàn-án ni mo débẹ̀, aago kan ti kọjá kí wọ́n tó pè mí. Ọkùnrin kan tó bá mi níbẹ̀, tó ń fọ òyìnbó, ti wọlé, ó ti jáde. Mo san owó kádì. Ó dùn mí wọra.

Implant méjì ni wọ́n ṣe fún mi, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí wọ́n gbé ka orí skúrù tí wọ́n fi sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ìsàlẹ̀ wọ inú egungun tí Ọlọ́run dá mọ́ mi, kò ní wàhálà kankan. Ti òkè ló gbà wá lákòókò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yọ eyín ibẹ̀, egungun rẹ̀ sì ti joro. Bí eyín bá ti kúrò, egungun tó gbé e dúró á máa joro ni, ọdún àkọ́kọ́ ló sì máa ń yá jù. Wọ́n ní àfi kí wọ́n fi egungun màlúù tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ kún un. Nínú ìgò, bí iyọ̀ ló rí. Ẹ̀rù bà mí. Dókítà ìgbà yẹn ní egungun tèmi ni yóò hù gba àárín rẹ̀, bí ọwọ́ iṣu ṣe ń gun igi tí a ri fún un. Oṣù mẹ́fà ni mo fi dúró kí wọ́n tó fi skúrù sí i, oṣù márùn-ún mìíràn kí eyín tó gun orí rẹ̀. Gbogbo ará ilé ní mo ti fowó ṣòfò.

Nítorí ẹ̀rù yẹn, ti òkè ni mo ń kẹ́, alaalẹ́ ni mo ń fi òwú fọ ìdí rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni mo fi ń jẹ ògúnfe àti àgbàdo sísun, mi ò sì bìkítà fún un.

Dókítà ọ̀dọ́ tó rí mi kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti rí X-ray mi ti 2019 nínú kọ̀ǹpútà! Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tuntun. Ti òkè, egungun ṣì dé ọrùn skúrù. Ti ìsàlẹ̀, egungun ti sá lọ títí ojú skúrù mẹ́ta fi yọ síta. Ìdọ̀tí ló dì mọ́ ọn, kòkòrò sì ń jẹ egungun. Ó bi mí bóyá mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Bẹ́ẹ̀ ni, láti 2021. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí níbẹ̀ pé ṣúgà tí a ò kó níjàánu ń ba implant jẹ́. Wọn ò pè mí fún àyẹ̀wò rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní bí egungun tí wọ́n fi kún un bá ti jinná dáadáa, ó lè gbé eyín pẹ́ bíi ti àbínibí, ìtọ́jú ló kù. Ó sọ fún mi nípa ọkùnrin ará Sweden tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ní 1965: ó kú ní 2006, àwọn implant náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Wákàtí kan gbáko ni dókítà fi fọ ìdí ti ìsàlẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ títí a fi parí. Lẹ́yìn náà dókítà fúnra rẹ̀ bá mi lọ síwájú, ó sì gba owó kádì mi padà. Omi lé sí mi lójú.

Máàkì: 2 nínú 5. Oṣù mẹ́ta sí i ni wọ́n ní kí n padà wá, mo sì máa lọ.