Àpò káàdì ẹ̀kọ́ ìjọba: ohun tó ṣe dáadáa àti ibi tó ti ṣini lọ́nà

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ìdánwò ẹ̀kọ́ ìjọba ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí mo sì rí i pé ńṣe ló ń há ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sórí láìmọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe láwùjọ, mo ra àpò káàdì kan tí wọ́n ṣe ní èdè Yorùbá fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa ìjọba àti ètò ìṣèlú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi lò ó, alaalẹ́ ni a sì ń jókòó tì í. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ ní kíkún, nítorí pé ẹni tó bá fi ìtumọ̀ òdì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, ó lè pẹ́ kó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe to káàdì náà wù mí. Ọ̀rọ̀ wà ní iwájú, ìtumọ̀ àti àpẹẹrẹ láti orílẹ̀-èdè kan wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ní igun ìsàlẹ̀ ni ohun tó mú káàdì yìí yàtọ̀ wà: wọ́n kọ orúkọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣì mú fún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o lè wá káàdì rẹ̀ kí o sì gbé méjèèjì síra. Mo gbà pé ọ̀nà tó dára jù lọ láti kọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba nìyí, torí pé ó ṣòro láti mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dunjú àyàfi tí a bá mọ ibi tí ó ti yà kúrò lára èyí tó jọ ọ́.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti so èso jù ni orí ètò ìjọba tí ààrẹ jẹ́ aláṣẹ àti ètò ìjọba tí olóòtú ìjọba ń ti inú ilé aṣòfin jáde. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń sọ pé ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé ọ̀kan ní ààrẹ, èkejì ní olóòtú ìjọba, bẹ́ẹ̀ Jámánì ní ààrẹ, Ítálì náà ní ààrẹ, síbẹ̀ ààrẹ kọ́ ló ń tukọ̀ ìjọba níbẹ̀. Káàdì yìí béèrè ohun tó yẹ ká béèrè: ta ló lè yọ ẹni tó ń ṣe ìjọba nípò, kí ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí rẹ̀? Ní ilẹ̀ Bíríténì, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1979, aṣòfin 311 dìbò pé àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba James Callaghan, olóòtú ìjọba wọn, mọ́, 310 sì dúró tì í. Ìbò ẹyọ kan ṣoṣo ló gbé ìjọba náà ṣubú, kò sì sẹ́ni tó ní láti fẹ̀sùn ọ̀daràn kankan kàn án. Ní Amẹ́ríkà, ilé aṣojú-ṣòfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan ààrẹ, kí ilé aṣòfin àgbà tó gbọ́ ẹjọ́ náà, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà níjòókòó sì dá a lẹ́bi, kó tó lè kúrò lórí oyè. Jámánì tún wá ní tirẹ̀: kò tó kí àwọn aṣòfin sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹni yìí mọ́, nínú ìbò kan náà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà yìí sì ni Helmut Kohl gbà di olórí ìjọba níbẹ̀ lẹ́yìn Helmut Schmidt ní ọdún 1982.

A tẹ́ káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà wò wọ́n títí, ó wá ní, “Àǹtí, a jẹ́ pé ọjọ́ ààrẹ wà nínú ìwé òfin, àmọ́ ọjọ́ olóòtú ìjọba wà lọ́wọ́ ilé aṣòfin.” Inú mi dùn dọ́ba, nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n ti kọ gbólóhùn yẹn sínú káàdì, òun fúnra rẹ̀ ló fà á yọ.

Káàdì ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ètò tí ìjọba gbogbo orílẹ̀-èdè àti ti àwọn ìpínlẹ̀ ti jọ pín agbára, náà dára púpọ̀. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe bí àṣẹ ṣe pín sí ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká wò, bí kò ṣe ẹni tó lè gba àṣẹ náà padà. Ilé aṣòfin wà ní Skọ́tíláǹdì, tó jẹ́ apá kan Bíríténì, láti ọdún 1999, ó sì ń ṣòfin lórí ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin tí ilé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ló bí i, ilé náà ló sì lè gba àṣẹ náà padà ní ti òfin, ìdí nìyí tí a kò fi ń ka Bíríténì mọ́ àwọn ìjọba àpapọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin kan náà tó fún ìjọba àpapọ̀ lágbára ló dáàbò bo agbára àwọn ìpínlẹ̀ 50, apá kan kò sì lè dá a yí padà.

Wàyí o, àbùkù. Wọn kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ kankan, wọn kò sì fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ìwé lásán ni mo ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà fa káàdì kan yọ tí wọ́n kọ “eto idibo” sí iwájú rẹ̀. Ó dáhùn pé ètò ìdìbò ni, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń forúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ka ìbò, àti bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó wọlé. Ó yí i padà, ó bá a pé ẹ̀tọ́ ìdìbò ni wọ́n ń ṣàlàyé: pé àwọn obìnrin ilẹ̀ New Zealand gba ẹ̀tọ́ náà ní ọdún 1893, ti ilẹ̀ Switzerland kò sì rí i gbà nínú ìdìbò gbogbo orílẹ̀-èdè títí di 1971. Ìdáhùn rẹ̀ kò burú rárá, káàdì náà ni kò sọ ohun tó ń béèrè. Orílẹ̀-èdè kan lè ní ètò ìdìbò tó gún régé kí ìdajì àwọn ará ìlú má sì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, bí Switzerland ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọdún gan-an nìyẹn. Àmì tí wọn kò fi síbẹ̀ ló gbé ìyàtọ̀ yìí mì.

Èyí tó dùn mí jù ni káàdì “ìjọba”. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ìjọba ni orílẹ̀-èdè àti àwọn tó ń darí rẹ̀, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan sí igun ìsàlẹ̀. Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa, “ìjọba” lè jẹ́ àwọn tó wà lórí àlééfà, ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ ọba, ó tún lè jẹ́ odindi orílẹ̀-èdè. Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kí wọ́n là á sí wẹ́wẹ́. Ọmọ náà bi mí léèrè pé, “Tí ìjọba bá wó, ṣé orílẹ̀-èdè náà ti wó nìyẹn?” Mo ní láti pa káàdì tì kí n tó lè dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Montevideo ní ọdún 1933 ka ohun mẹ́rin sílẹ̀ tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní: àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀, ilẹ̀ tó ní ààlà, ìjọba, àti agbára láti bá orílẹ̀-èdè mìíràn da nǹkan pọ̀. Ìjọba kàn jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin náà. Mo wá sọ ti Bẹ́ljíọ̀mù fún un, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ti lo ọjọ́ 541 lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹfà ọdún 2010 kí ìjọba tuntun tó búra wọlé. Àwọn tó ti wà nípò tẹ́lẹ̀ ló ń di ibẹ̀ mú, ilé ẹjọ́ ń jókòó, owó orí ń wọlé, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè kan tó ń jẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù mọ́.

Káàdì ìjọba àwarawa náà ní irú àléébù yìí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ó sọ ọ́ bí ẹni pé ibi tí ọba bá wà, ìjọba àwarawa kò lè sí níbẹ̀. Nọ́wè àti Japan ń jẹ́rìí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Páálí káàdì náà nípọn, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi tó láti kà lálẹ́.

Ẹni tó bá ní àgbà tàbí olùkọ́ tí yóò jókòó tì í lè rà á, torí káàdì ààrẹ àti ti ìjọba àpapọ̀ nìkan tó ohun tí à ń nawó sí. Ẹni tó fẹ́ dá kọ́ ara rẹ̀ ni mo rọ̀ pé kó dúró de àtẹ̀jáde mìíràn. Èmi àti ọmọ náà ti fi báírò fi àmì sí gbogbo káàdì tó wà lọ́wọ́ wa. Ó gé páálí kékeré kan, ó kọ “orílẹ̀-èdè” sí i, ó to nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kọ “ìjọba” sí igun ìsàlẹ̀.