Ọkọ̀ Bẹntiróò tàbí Ọkọ̀ Dísù: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tí Kì Í Rìn Jìnnà ní Ìlú Ọba?

Bí ẹ bá dúró níwájú ọkọ̀ àlòkù méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ti 2017, tí ọ̀kan ń mu bẹntiróò, tí èkejì ń mu dísù, ẹni tó ń tà wọ́n yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé ti dísù kì í mu epo púpọ̀. Kò parọ́. Ohun tí kò sọ ni pé epo nìkan kọ́ ni ọkọ̀ ń jẹ. Ẹni tí kì í rìn ju 5,000 sí 6,000 máìlì lọ́dún, tó jẹ́ pé ilé-ìwé ọmọ, ibi iṣẹ́, ọjà àti ilé ìjọsìn ni ìrìn rẹ̀, bẹntiróò ni kó rà. Ìdí rẹ̀ nìyí, àti àwọn díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kò bá wí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò epo

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ méjì tí wọ́n tóbi bákan náà. Ti bẹntiróò ń rin 40 máìlì lórí gálọ́ọ̀nù kan, ti dísù ń rin 52. Gálọ́ọ̀nù Ìlú Ọba jẹ́ lítà 4.546, ti Amẹ́ríkà kéré sí i, nítorí náà ẹ má fi ìṣirò ibẹ̀ ṣe tibí. Ká sọ pé lítà bẹntiróò kan jẹ́ £1.40, ti dísù jẹ́ £1.47. Owó epo kì í dúró sójú kan, ẹ fi iye tó wà ní ilé epo àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀.

| Máìlì lọ́dún | Bẹntiróò | Dísù | Èrè dísù |
|---|---|---|---|
| 5,000 | lítà 568, £796 | lítà 437, £643 | £153 |
| 15,000 | lítà 1,705, £2,387 | lítà 1,311, £1,928 | £459 |

Ẹni tó ń rin 15,000 máìlì rí nǹkan gidi níbẹ̀. Ẹni tó ń rin 5,000 rí bíi £13 lóṣù. Bí ti dísù bá sì fi £800 wọ́n ju ti bẹntiróò lọ nígbà tí ẹ ń rà á, ó lé ní ọdún márùn-ún kí epo tó dá owó yẹn padà fún yín. Ẹ tún fi èyí kún un: 52 máìlì lórí gálọ́ọ̀nù yẹn, ojú ọ̀nà tó já geere ni ọkọ̀ ti ń rìn ín. Nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Peckham, pẹ̀lú ẹ́ńjìn tí kò tíì gbóná, kò lè dé ibẹ̀.

DPF, ibi tí wàhálà ti ń wá

Òfin Euro 5, ọ̀kan lára àwọn òfin Yúróòpù lórí èéfín ọkọ̀, tó kan gbogbo ọkọ̀ tuntun ní Yúróòpù láti oṣù kìn-ín-ní 2011, ló mú kí DPF di ara ọkọ̀ dísù. Asẹ́ ni. Ó wà lójú ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú èérí dúdú inú èéfín dísù, irú dúdú tó máa ń bo ìdí ìkòkò orí ààrò, kó má bàa bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Asẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí jọ gbọ́dọ̀ rí ẹni gbọ̀n ọ́n. Ti DPF, ooru ló ń gbọ̀n ọ́n: ó gbọ́dọ̀ gbóná débi tí èérí náà yóò fi jóná, tí eérú bíńtín nìkan yóò sì ṣẹ́kù.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà jó o. Bí ẹ bá ń sáré déédéé lórí mọ́tọ́wéè, èéfín fúnra rẹ̀ á gbóná kọjá nǹkan bíi 350°C, èérí á sì máa jó díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀. Bí ìrìn yín kò bá jẹ́ kó gbóná tó bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á dúró kí asẹ́ kún dé ìwọ̀n kan, á wá fọ́n dísù díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ́ńjìn bá ti jó tirẹ̀ tán, kí èéfín lè gbóná dé nǹkan bíi 600°C. Iṣẹ́ yìí ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ ní nǹkan bíi 40 máìlì ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìdúró.

Ẹ wá wo ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, máìlì méjì ní àlọ, máìlì méjì ní àbọ̀. Ẹ́ńjìn dísù kì í tètè gbóná bíi ti bẹntiróò. Kó tó gbóná, wọ́n ti délé. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jíjó, wọ́n pa ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún pa á. Dísù tó ti fọ́n tí kò rí iná jó ń ṣàn gba ara ògiri sìlíńdà wọ inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó yẹ kó máa dín kù á máa pọ̀ sí i, á sì máa fúyẹ́, títí tí kò fi ní lè dáàbò bo irin mọ́. Tọ́bò àti àwọn béárìn inú ẹ́ńjìn ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fa géèjì ọ́ìlì yọ lára ọkọ̀ dísù, tí ẹ rí i pé ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè, tó sì ń rùn bíi dísù, ẹ má gbà pé wọ́n kàn bu ọ́ìlì jù ni. Ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà ni.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jíjó yìí bí epo inú táǹkì bá ti lọ sílẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ìdá mẹ́rin lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó ń ra epo £10, £10, tí iná epo ń tàn lójoojúmọ́, ń dí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́nà láìmọ̀.

Bí DPF bá ti ń kún, iná pupa rẹ́súrẹ́sú á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà yìí, ìrìn ìṣẹ́jú ogún lórí ojú ọ̀nà ńlá bíi A2 tàbí M25 ṣì lè tú u sílẹ̀. Bí ẹ bá gbójú fò ó, ọkọ̀ á kọ̀ láti sáré, mẹkáníìkì á sì ní láti fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ pàṣẹ fún un kó jó o. Tí ìyẹn náà bá kọ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀ lọ fọ̀, ó lè ná yín ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn mélòó kan. Tí kò bá ṣeé fọ̀ mọ́, tuntun lè gbé £1,000 lọ, ti ọkọ̀ ńlá sì lè kọjá £2,000. Ẹ rántí £153 òkè yẹn.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gé e kúrò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kejì 2014, ọkọ̀ tó yẹ kó ní DPF tí kò ní in kò lè yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún ti ìjọba, láti 2018 sì ni èéfín tó hàn sójú, àwọ̀ yòówù kó ní, ti tó láti já ọkọ̀ tó ní DPF kulẹ̀. Ọmọdé tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà ló ń mí èéfín náà sínú.

Àwọn nǹkan mìíràn lára dísù

EGR ni fáàfù tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìn. Lábẹ́ ìrìn kúkúrú, èérí á lẹ̀ mọ́ ọn títí tí kò fi ní lè ṣí tàbí pa dé. Nọ́sù tó ń fọ́n epo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbára tó lè dé 2,000 bar, àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìdí igi.

Ọ̀pọ̀ dísù Euro 6 tún ń mu AdBlue, omi tó ń dín oró inú èéfín kù, ìyẹn yúríà 32.5% tí ìyókù rẹ̀ jẹ́ omi tí a ti sẹ́. Ẹ máa ń bu tirẹ̀ sí táǹkì ọ̀tọ̀. Bí ó bá tán pátápátá tí ẹ sì pa ọkọ̀, kò ní jí mọ́ títí ẹ ó fi bu sí i. Ó ń dì ní -11°C, ó sì ń gbẹ di funfun bí iyọ̀ níbi tó bá ti jò. Nǹkan bí ọdún kan ló lè pẹ́ tó láìbàjẹ́. Táǹkì tí awakọ̀ gidi ń lò tán lóṣù díẹ̀ lè jókòó ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tí kì í rìn.

Bẹntiróò náà ní tirẹ̀

Kò sí ẹ́ńjìn tó fẹ́ràn ìrìn kúkúrú. Ti bẹntiróò kàn ń fara dà á jù ni. Omi tó ń dì sínú ẹ́ńjìn tútù àti bẹntiróò tí kò jó tán máa ń wọ inú ọ́ìlì, nítorí náà oṣù méjìlá-méjìlá ni kí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì, ì báà jẹ́ pé 3,000 máìlì péré lẹ rìn. "Kò tíì pé 10,000 máìlì" kì í ṣe àwíjàre.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti lajú jù ni bẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹ́ńjìn bẹntiróò kékeré kan, irú bíi 1.2 PureTech ti Peugeot àti Citroën àti ọ̀pọ̀ nínú 1.0 EcoBoost ti Ford, ní táímìn bẹ́ẹ̀tì, okùn rọ́bà tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìn máa yí pọ̀ lásìkò, tó ń yí nínú ọ́ìlì. Bẹntiróò tó wọ ọ́ìlì ń jẹ rọ́bà náà, àfọ́kù rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, á dí asẹ́ tí pọ́ǹpù ń gbà fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìn á sì máa ṣiṣẹ́ láìrí ọ́ìlì tó. Ìrìn kúkúrú gan-an ló ń mú èyí yára. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì náà, àti pé irú ọ́ìlì tí ilé-iṣẹ́ sọ ni wọ́n ń lò. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìrònú yẹn, kó wá ẹ́ńjìn tó ń lo ṣéènì, bíi ti Honda Jazz tàbí Toyota Yaris.

Ọ̀pọ̀ bẹntiróò tó jáde láti nǹkan bíi 2018 náà ní asẹ́ èéfín tiwọn. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín: èéfín bẹntiróò gbóná ju ti dísù lọ, èérí rẹ̀ sì kéré, nítorí náà ó ń fọ ara rẹ̀ mọ́ láìsí ariwo. Bátìrì nìkan ló kù. Ọkọ̀ tó ń dúró ọ̀sẹ̀ méjì-méjì á sọ ọ́ di aláìlágbára nígbà òtútù, ì báà jẹ́ bẹntiróò tàbí dísù.

ULEZ àti owó orí ọkọ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2023 ni ULEZ, àgbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú ti ń san owó, ti bo gbogbo àgbègbè Lọ́ńdọ̀nù, láti Thamesmead títí dé Enfield. Bẹntiróò gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 4, tí púpọ̀ nínú wọn ti jẹ́ láti 2006. Dísù gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 6, tó kan gbogbo ọkọ̀ tuntun láti oṣù kẹsàn-án 2015. Èyí tí kò bá bófin mu ń san £12.50 lóòjọ́ tó bá rìn. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó ń jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀: £50. Ìdí nìyí tí dísù 2013 fi pọ̀ lọ́jà lówó pọ́ọ́kú, tí bẹntiróò 2007 sì ń lọ fàlàlà láìsan nǹkan kan. Birmingham àti Bristol náà ní tiwọn. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó, ẹ má gbára lé ọdún rẹ̀ nìkan.

Ní ti owó orí, dísù ní àǹfààní kan tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù kẹta 2001, ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2017, ń san owó orí ní ìbámu pẹ̀lú CO2 tí wọ́n ń tú jáde, dísù sì sábà máa ń tú u jáde díẹ̀. Èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn wá, iye kan náà ni bẹntiróò àti dísù ń san lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá lọ wo ọkọ̀

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ lọ sí ojú-ewé MOT lórí GOV.UK, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà síbẹ̀. Ẹ ó rí iye máìlì tó wà lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Dísù ọdún mẹ́jọ tó rin 24,000 máìlì péré dà bí ọjà tó dára lójú, ṣùgbọ́n 3,000 máìlì lọ́dún nìyẹn, ilé-ìwé àti ọjà ni wọ́n fi ń lọ. Èyí tó rin 90,000 lórí mọ́tọ́wéè lè ní DPF tó sàn jù ú lọ fíìfíì. Fún bẹntiróò, máìlì kékeré kò burú. Déètì tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ni kí ẹ wò.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á kó má tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ó ní ohun tó ń bò. Lára dísù, ẹ fi ìka nu inú ẹnu páìpù èéfín kí wọ́n tó tan ọkọ̀: bí DPF bá wà lára rẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́, ìka yín kò yẹ kó dúdú kirikiri. Ẹ rí i pé iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìn kọ́kọ́ tàn nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kó tó kú, nítorí àwọn kan máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ wà á dé ojú ọ̀nà ńlá, ẹ tẹ iná sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ fa géèjì ọ́ìlì.

Ẹni tí dísù ṣì yẹ

Máìlì ọdọọdún nìkan kọ́ ló ń pinnu, gígùn ìrìn kọ̀ọ̀kan ni. Ẹni tó ń rin 6,000 máìlì lọ́dún, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń gba M1 lọ sí Northampton, DPF rẹ̀ á máa mọ́. Ẹni tó ń fa tírélà ẹrù lẹ́yìn náà nílò agbára tí dísù ní láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rà á lérò pé òun á fi ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ iwájú: ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún kò bófin mu ní Nàìjíríà.

Bí ẹ bá ti ra dísù tán, tí ìrìn yín sì kúrú, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni kí ẹ gbé e jáde sí ojú ọ̀nà ńlá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, kí epo má dín sí ìdajì táǹkì, kí ẹ sì lo jíà kékeré tó máa mú ẹ́ńjìn yí kọjá ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré, tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀, ni kí ẹ lò, torí eérú kì í jó. Tí ẹ bá délé tí fáànù ń pariwo, tí òórùn gbígbóná ń jáde, tí ẹ́ńjìn ń yí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iṣẹ́ jíjó ló wà lẹ́nu rẹ̀: ẹ má pa á, ẹ padà sójú ọ̀nà, ẹ yí i ká fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i.